Èsì wa sí Àǹtí tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì lórí ẹ̀rọ orin eré sísá

Àǹtí wa, ẹ kú ìnáwó o, ẹ sì kú ìrọ́jú. A ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ò fo ìlà kankan.

Kí ó lè yé àwọn oníbàárà mìíràn tó máa ka èsì yìí: Àǹtí ra ẹ̀rọ orin kékeré lọ́wọ́ wa, irú èyí tí wọ́n ń há mọ́ etí aṣọ, torí pé wọ́n ń sáré ní ìdájí, wọn ò sì fẹ́ máa gbé fóònù dání lójú títì. Wọ́n ní àwọn ò tíì lò ó pẹ́ tó fi kú. Wọ́n ní a sọ fún àwọn pé omi ò ràn án, òógùn lásán ló sì wá pa á. Pé Bluetooth rẹ̀ ń já. Pé orin tí àwọn ń sanwó fún lórí fóònù kò wọ inú rẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ ni pé, èwo gan-an ni kí ẹni tó ń sáré rà tí yóò tọ́jọ́?

Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Owó kò sí níta, ẹni tó bá sì fi ìwọ̀nba tó ní ra ọjà, ó yẹ kó jẹ ìgbádùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ ti fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí wa ní Ìkẹjà, a sì ti tú u. Ohun tí a bá nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Inú rẹ̀ gbẹ. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ tónítóní, bátìrì kò wú, rọ́bà tó yí etí rẹ̀ ká kò sì tíì sán. Bó bá jẹ́ pé omi ló wọlé, à bá rí àmì rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù. Ẹnu ṣájà ni ọ̀ràn wà. Nígbà tí a fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tò sí ìlà kan, wọ́n ń dán, àfi ti ẹ̀gbẹ́ kan tó ti yọ nǹkan aláwọ̀ ewé. Ọmọ iṣẹ́ wa fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kàn án báyìí, ó wó dànù, kùkùté ló kù. Irin yẹn gan-an ló ń gba iná wọlé látinú waya. Ní ìsàlẹ̀ ihò náà, a tún bá ìyẹ̀fun funfun díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ ti kó o sínú ìrẹsì. (Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀ fún ìkòkò. Kì í fa iyọ̀ jáde nínú nǹkan, eruku ara rẹ̀ ló máa ń dà síbi tí kò yẹ kí eruku wà.)

Iyọ̀ ni mo wí, torí pé òun àti iná ló pawọ́ pọ̀ pa ẹ̀rọ yín. Òógùn kì í ṣe omi lásán, ẹni tó bá ti kán sí lẹ́nu rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi oníyọ̀ sì ń gbé iná ju omi mímọ́ lọ. Bí ẹ bá sáré délé tí òógùn ṣì wà lẹ́nu ṣájà, tí ẹ wá ki waya bọ̀ ọ́, iná fólítì 5 á gba inú òógùn yẹn kọjá láti ara irin kan sí èkejì, irin tó gbé iná wá ló sì máa ń jẹrà. Kì í ṣe ọjọ́ kan ló ń ṣẹlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, orin á ṣì máa dún, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí kò ní gba iná mọ́. Ẹ̀yin náà kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ yín pé bí ẹ bá ti ń wọlé lẹ ń fi í sí iná, kí ẹ tó lọ wẹ̀, torí pé ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú iná lọ. Ó yé wa. Gbogbo wa là ń fi ìwàǹwára ṣáàjì nǹkan nílùú yìí. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ yìí kò nílò iná lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ti eré dé, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ fi omi lásán ra díẹ̀ nù ún, ẹ dojú ẹnu ṣájà rẹ̀ kọlẹ̀ kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ wá gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ lọ síbi iṣẹ́. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ tó rántí waya.

Lórí ohun tí ẹ ní a sọ fún yín: ohun tó wà lára páálí, tó sì wà lójú ewé tí ẹ ti rà á, ni IPX5, àmì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe lè dènà eruku àti omi tó. A ò kọ ọ́ síbì kankan pé omi ò ràn án. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn, wọ́n á kàn rò pé oríire ni, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. X tó wà láàárín dúró fún eruku: ó túmọ̀ sí pé wọn ò sọ ohunkóhun nípa eruku rárá. Ẹ̀yin tó ń sáré nígbà ọyẹ́, ẹ kíyè sí ibẹ̀, nítorí 6 ni ẹ fẹ́ rí níbi tí X wà bí eruku bá ń bà yín lẹ́rù. 5 tó gbẹ̀yìn ni ti omi. Ohun tí àwọn tó dán an wò ṣe fún un ni pé wọ́n fi omi tó ń tú jáde láti ẹnu ihò mìlímítà 6.3 fọ́n ọn láti ibi gbogbo, lítà 12.5 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 3. Omi mímọ́ ni o. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀, kò sí ọṣẹ. Ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n sì fi ṣe é, kì í ṣe èyí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó.

IPX7 ńkọ́? Wọ́n rì í sínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Èyí tó máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé 7 kò ju 5 lọ ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó yege nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́ lè má yege lábẹ́ omi tó ń fi agbára tú. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà méjèèjì sí lára: wọ́n dán an wò lọ́nà méjèèjì ni. Bí oníṣòwò kan bá sì sọ fún yín pé wárántì máa ń san owó ohun tí omi bàjẹ́, ẹ ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń kọ IPX sára ọjà wọn ni kì í ka ti omi mọ́ wárántì.

Ti Bluetooth tó ń já kò le. Ìgbì rẹ̀, 2.4 GHz, kì í fẹ́ gba inú omi kọjá, omi ló sì pọ̀ jù nínú ara èèyàn. Ẹ ní ìbàdí ọ̀tún lẹ ń há a mọ́, etí òsì sì ni earpiece tó ń gba orin wọlé wà. Gbogbo ara yín ló wà láàárín àwọn méjèèjì! Nínú ilé, ògiri á dá ìgbì náà padà sí i, kò ní hàn. Ní gbangba, kò sí ògiri. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú earpiece yẹn, kó sún mọ́ òkè, etí fìlà tàbí èjìká, á dẹwọ́. Tàbí kí ẹ lo oníwaya, tí èmi fẹ́ràn jù fún eré sísá: ẹ kàn ki waya náà gba abẹ́ ẹ̀wù kí ọwọ́ má bàa máa fà á. Ihò earpiece tó yẹ̀ nítorí waya tó ń fà ni iṣẹ́ tó ń wọlé sí wa jùlọ lẹ́yìn ti ẹnu ṣájà.

Orin tí kò wọ inú rẹ̀ kì í ṣe àléébù ẹ̀rọ. Orin tí ẹ gbà sílẹ̀ nínú Spotify tàbí Apple Music, wọ́n ti tì í pa, inú áàpù yẹn nìkan ló ti lè dún. Àfi MP3 tí ẹ rà tí ó sì jẹ́ tiyín, tàbí èyí tí ẹ yí láti inú CD. Ní 128 kbps, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi fún orin náà pọ̀, bíi MB 1 àyè ìpamọ́ ni ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí náà GB 4 ti pọ̀ tó fún eré ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bó bá jẹ́ jùjú àtijọ́ lẹ ń fi sáré, níbi tí ojú kan àwo ti jẹ́ orin kan ṣoṣo tó lè tó ogún ìṣẹ́jú, ẹ wádìí kí ẹ tó rà bóyá ẹ̀rọ náà máa ń rántí ibi tí orin dúró sí. Èyí tí kì í rántí á dá yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa á.

Ó wá ku ìbéèrè yín. Iye GB lọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ bi wá, ó sì yẹ kó gbẹ̀yìn. Ẹnu ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé ó ní rọ́bà tó ń bò ó, ṣé rọ́bà náà sì ń wọlé dé ìdí? Lẹ́yìn náà, bọ́tìnnì. Ojú gíláàsì tí wọ́n ń fi ìka fọwọ́ kàn kì í gbọ́ràn sí ìka tó ti làágùn. Bọ́tìnnì gidi tí ẹ lè fọwọ́ mọ̀ láìwò ó ni kí ẹ rà. Ẹ há a mọ́ aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ fò sókè níbẹ̀, ojú kì í tini, àwa ò ní rín yín. Pé kó jábọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á mọ́ o. iPod àkọ́kọ́, ẹ̀rọ orin Apple tó jáde lọ́dún 2001, ní àwo tó ń yí nínú rẹ̀, èyí sì máa ń bẹ̀rù ìjábọ́. Ti òde òní kò ní ohunkóhun tó ń yí.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ń múra sílẹ̀ fún Lagos City Marathon. Kìlómítà 42.195 ni, ẹlòmíràn á lò tó wákàtí mẹ́fà lójú ọ̀nà, Bluetooth sì ń jẹ bátìrì. SanDisk Clip Sport tó jẹ́ oníwaya, wọ́n kọ wákàtí 25 sí i, bọ́tìnnì rẹ̀ sì ṣe é fọwọ́ mọ̀, àmọ́ wọn ò ṣe é fún omi, ẹ gbọ́dọ̀ máa há a síbi tí kò kan ara. Bí òógùn bá ń da yín láàmú jù, Sony NW-WS413 ni mo máa mú. Earpiece àti ẹ̀rọ orin ti di ọ̀kan náà nínú rẹ̀, GB 4 ni, wákàtí 12, Sony fúnra wọn sì sọ pé ó ṣe é wọ inú omi òkun dé mítà 2. Ìjókòó ṣájà tirẹ̀ ló ń lò, bí ẹ bá sọ ọ́ nù, wàhálà dé. Ẹni tó ń sáré láàárín ọkọ̀ ní tirẹ̀ ni mo máa ń fi Shokz OpenSwim hàn: egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń gbé orin lọ, etí sì ṣí sílẹ̀ láti gbọ́ fèrè dánfó. Kò ní Bluetooth, GB 4 ni òun náà.

iPod shuffle tòkunbọ̀ tí ẹ bi wá, ẹ fi sílẹ̀. Ó rẹwà, mo mọ̀, ó fúyẹ́. Ọdún 2017 ni Apple ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, bátìrì sì ń darúgbó bí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ lò ó. Ihò earpiece kan náà ló tún ń gba ṣáàjì, nítorí náà bí òógùn bá wọ ibẹ̀, ẹ pàdánù orin, ẹ pàdánù iná.

Nípa owó: a ò ní dá owó padà, torí pé kò sí àléébù lára ọjà nígbà tí a tà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ṣì wúlò, ẹnu ṣájà nìkan ló yẹ kí a pààrọ̀. Owó iṣẹ́ wà lọ́rùn wa, ẹ̀yin san owó ẹnu ṣájà nìkan, a ó sì fi rọ́bà tó ń bo ẹnu rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì yín ránṣẹ́ sí àpótí ìfiránṣẹ́ wa, kí ẹ sọ bóyá ẹ máa wá gbé e fúnra yín tàbí kí a fi í fún oníkẹ̀kẹ́ tó máa ń gbé ẹrù wa lọ sí Sùúrùlérè.