Macaulay kò sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pín kiri yẹn

Ó dájú pé ó ti kàn yín rí lórí WhatsApp: àwòrán òyìnbó kan, ọ̀rọ̀ gígùn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní Lord Macaulay, olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì kan, ló sọ pé òun rin ilẹ̀ Áfíríkà já, òun kò rí alágbe, òun kò rí olè, àti pé a kò lè ṣẹ́gun àwọn èèyàn yìí àfi tí a bá ba ẹ̀kọ́ àti àṣà wọn jẹ́. Wọ́n tún ní iwájú ilé aṣòfin ìlú ọba ló ti sọ ọ́, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1835.

Irọ́ ni. Íńdíà ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹnìkan tó fi Áfíríkà rọ́pò rẹ̀. Ti Íńdíà náà kò sì jóòótọ́, torí Calcutta, ní Íńdíà, ni bàbá yìí wà lọ́jọ́ yẹn. Oṣù Kẹfà ọdún 1834 ló gúnlẹ̀ sí Madras, ìlú mìíràn níbẹ̀, láti wá rí sí ọ̀rọ̀ òfin nínú ìgbìmọ̀ gómìnà àgbà Íńdíà, William Bentinck, kò sì kúrò ní Íńdíà títí di 1838. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ oṣù lórí òkun. Ìgbà wo ló dé London lọ sọ̀rọ̀?

Ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn ni pé ó kọ ìwé àbá lórí ẹ̀kọ́ fún Bentinck. Kò yin ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò gbọ́ Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, òun kò gbọ́ Lárúbáwá, síbẹ̀ ó ní pẹpẹ ìwé kan ṣoṣo nínú ilé ìkàwé Yúróòpù tó dára tó gbogbo ìwé Íńdíà àti ti Lárúbáwá lápapọ̀. Ẹ gbọ́ ẹnu! Ó ní kí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ àti àwọ̀ wọn á jẹ́ ti Íńdíà, ṣùgbọ́n tí èrò, ìwà àti làákàyè wọn á jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di oṣù Kẹta, Bentinck ti fọwọ́ sí i.

Nínú ayédèrú, ẹ̀rù àṣà àwọn èèyàn náà ń ba Macaulay. Macaulay gidi kò bẹ̀rù nǹkan kan. Ó kàn fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn ni. Lójú tèmi, ìyẹn burú jù, ó sì wà lákọsílẹ̀.

Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ Thomas Babington Macaulay ti Èkó, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, bàbá Herbert Macaulay. Ọmọ Yorùbá ni ìyẹn, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Òun ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ọdún tí Macaulay òyìnbó kú.