Gíà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin ṣe kì í ṣe ayédèrú

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni oníbàárà kan gbé gíà dírìlì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Fíà. Eyín méjì ti ká lára rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó ti kán, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ wò ó, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n dì pọ̀. Ẹ bá mi gé ojúlówó." Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń mi orí. Ibi tó kán yẹn rí hóró-hóró lóòótọ́, ó ṣú bí eérú, kò dán bí ọ̀pá irin tí à ń gé lórí léètì lójoojúmọ́. Ní Òṣogbo níbí, tí inú irin bá ti rí bẹ́ẹ̀, ayédèrú ni wọ́n ń pè é.

Mi ò dá a lẹ́bi, torí èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Nílùú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi rólà tẹ irin sí, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wà ní Jọ́sì àti Kàtsínà, ohun tí à ń pè ní irin ni èyí tó pọ́n yòò, tó gba àárín rólà kọjá. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan da ìyẹ̀fun sínú mọ́ọ̀dù, ó sì di gíà?

Ọ̀pọ̀ rò pé bí bulọ́ọ̀kù ni: kó yanrìn, da sìmẹ́ǹtì sí i, tẹ̀ ẹ́. Kò sí sìmẹ́ǹtì kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ amọ̀kòkò ló sún mọ́ ọn jù. Wọ́n á fi omi tó ń tú jáde tagbáratagbára fọ́ irin yíyọ́ sí wẹ́wẹ́ títí á fi di ìyẹ̀fun, wọ́n á po èròjà bíi bàbà mọ́ ọn, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ nínú mọ́ọ̀dù. Ìtẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe kékeré: tọ́ọ̀nù 4 sí 7, lórí ojú tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Nígbà tó bá jáde, ó ti ní eyín, ó ti ní ihò, àmọ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, á fọ́ bí ìkòkò tí wọn ò tíì sun. Iná ló kù.

Iná náà kì í sì yọ́ ọ. Irin kì í yọ́ àfi tí ooru bá dé 1,538°C; nǹkan bí 1,120°C ni wọ́n máa ń fi yan án, nínú ààrò tí wọn kì í jẹ́ kí atẹ́gùn lásán wọ̀. Hóró tó fara kan èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ara wọn, ibi tí wọ́n ti pàdé á nípọn di ọrùn, ọrùn á sì di irin kan náà. Bàbà tó wà láàárín wọn ní tirẹ̀ ń yọ́ ní 1,085°C, á sì ṣàn gba àlàfo kọjá bí epo nínú ẹ̀wà.

Àlàfo yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Irin tó ki pátápátá, tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, á wọ̀n tó gíráàmù 7.85. Èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n yan lẹ́ẹ̀kan, sábà máa ń wà láàárín 6.6 sí 7.1. Tí wọ́n bá mú ìyẹ̀fun náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tàbí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó lè dé 7.3. Tí wọ́n bá wá gbé e ní pípọ́n sábẹ́ òòlù ẹ̀rọ, ó lè kọjá 7.8, díẹ̀ báyìí ló kù kó bá irin tó ki dọ́gba. Ìwọ̀n yìí ló yẹ kéèyàn bèèrè kó tó bèèrè orílẹ̀-èdè tí gíà ti wá, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó bèèrè rẹ̀ rí.

Àwọn tó gbà pé ìyẹ̀fun lè lágbára pàápàá máa ń ṣìnà níbì kan: wọ́n ní kí èròjà ṣáà pọ̀. Tí ẹ bá yọ́ gbogbo èròjà mọ́ irin kí ẹ tó sọ ọ́ di ìyẹ̀fun, hóró kọ̀ọ̀kan á le, kò ní tẹ̀ dáadáa, àlàfo á pọ̀, agbára tí ẹ ń wá á sì bá àlàfo lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ èròjà mọ́ ara hóró irin rírọ̀ látìta: nǹkan bí 4 nínú 100 níkẹ́ẹ̀lì, 1.5 bàbà, 0.5 molybdenum (níkẹ́ẹ̀lì àti molybdenum, irin mìíràn tó ń mú irin le ni wọ́n). Ó ń tẹ̀ bí irin rírọ̀, inú ààrò ló ti ń le. Fún púlì tàbí gíà tí ìyà rẹ̀ ò pọ̀, bàbà 2 nínú 100 àti èédú inú pẹ́ńsù 0.8 ti tó. Èyí tó ní níkẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kó ki, tí wọ́n mú un gbóná, tí wọ́n sì rì í bọ epo, lè gba ju 900 megapascal (ìwọ̀n agbára tó ń fa nǹkan títí á fi já) lọ kó tó já. Ọ̀pá irin rírọ̀ tí à ń rà lọ́jà, nǹkan bí 400 ló ti ń já.

Porsche ti lo kọ́n-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin rọ nínú ọkọ̀ 928 wọn láti àwọn ọdún 1970. Toyota àti Ford tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1980. Kí a má tiẹ̀ lọ jìnnà, ẹ wo ẹnu bíìtì àwọn tó ń gbẹ́ bọ́hóòlù nílùú yìí, tí àpáta ò jìnnà sí ilẹ̀. Eyín róbótó tó ń fọ́ àpáta yẹn, tungsten carbide ni: ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n fi irin tó ń jẹ́ cobalt yan pọ̀. Tungsten, irin tó wà nínú rẹ̀, ò yọ́ títí ooru á fi kọjá 3,400°C. Ààrò wo lẹ fẹ́ fi yọ́ ọ?

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo ra bọ́ṣì fáànù tuntun, òrùka tí ọ̀pá fáànù ń yí nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ṣe bẹ́ẹ̀ náà, mo rí i pé ara rẹ̀ ò dán. Mo fi petrol fọ̀ ọ́ mọ́, mo fi sánpépà dán inú rẹ̀, mo tì í bọ inú fáànù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń ké bí ajá. Bàbá kan ní Sábó mú òmíràn, ó gbé e sítòsí iná àtùpà. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀ kín-ín-kín-ín bí òógùn iwájú orí. Nígbà tó tutù, epo náà padà wọlé, ara rẹ̀ gbẹ. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún bọ́ṣì yẹn, ihò ni, epo ló kún un. Mo ti fi petrol lé epo jáde, mo sì ti fi sánpépà dí ẹnu ihò, lójú pé mò ń tún un ṣe.

Oníbàárà mi jàre níbì kan ṣá. Irin tó ní àlàfo kì í fara da ìlù òjijì bí èyí tó ki, torí ẹnu àlàfo ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tí mo bá gé gíà náà lára ọ̀pá irin rírọ̀ tó ń tọ́ka sí, tí mi ò mú un le, eyín rẹ̀ á tètè jẹ tán. Mo bi í pé kí ló fi dírìlì náà ṣe tó fi kán.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó há mọ́ ọ̀pá irin inú dẹ́kíǹ, ọ̀gá. Mo bá tún tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."