Omi oníyọ̀ kọ́ ló lé Ebola lọ o

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ dákun, mo tún ti rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn lórí WhatsApp, pé tí àrùn bá ti wọ̀lú, kéèyàn po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná kó fi wẹ̀, kó sì mu díẹ̀ níbẹ̀. Irọ́ ni.

Monrovia ní Liberia ni mo wà lọ́dún 2014 tí Ebola ń jà, páàtì ọkọ̀ ni mò ń tà. Oṣù kẹjọ ni màámi pè mí láti Tákí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ rárá, ohùn wọn ń gbọ̀n, "Ṣé o ti fi iyọ̀ wẹ̀? Gbogbo àdúgbò ti wẹ̀ tán, ìwọ nìkan ló kù o!" Wọ́n tiẹ̀ ti mu ife kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀ ríru. Ẹ̀rù ife yẹn bà mí ju Ebola tó wà ládùúgbò mi lọ, torí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ nígbà yẹn pé ó kéré tán èèyàn méjì ni omi iyọ̀ pa ní Nàìjíríà.

Ọ̀rá ló bo kòkòrò Ebola lára, ọṣẹ ló sì ń tú ọ̀rá yẹn bó ṣe ń tú epo lára ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ fi omi iyọ̀ nìkan fọ ìkòkò epo wò, ẹ ó rí i.

Lóhùn-ún, ike omi tó ní tápù ló wà lẹ́nu gbogbo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n po chlorine sínú ẹ̀, ó ń rùn bíi Jik, mò ń fọwọ́ títí awọ ìka mi fi ń bó. Àwọn ará Liberia tí wọ́n máa ń ta ìka pọ̀ tí wọ́n bá bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n pa á tì, a kàn ń juwọ́ síra wa látòkèèrè. Èyí tó le jù ni ti òkú. Aládùúgbò mi kan kú, ìyàwó ẹ̀ fẹ́ wẹ̀ ẹ́ bá a ṣe ń ṣe nílé níbí, wọn ò gbà fún un, torí òkú Ebola ń ran èèyàn gan-an, ìta ló dúró sí tó ń sunkún tí wọ́n fi gbé e lọ.

Àwọn kan á ní ṣebí a wẹ̀, Ebola sì lọ. Rárá o. Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú, ohun tó sì dá a dúró ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tó fara kan àwọn aláìsàn yẹn kàn, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21 gbáko. October 20, 2014 ni WHO kéde pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Èmi ṣì ń fọwọ́ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi ní Monrovia lọ́jọ́ yẹn.