Kò sí àfikún owó oṣù tí owó orí ń sọ di àdánù

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni bọ̀dá kan ti ń gba ọmọbìnrin kan nímọ̀ràn pé bí ọ̀gá rẹ̀ bá fẹ́ fi kún owó oṣù rẹ̀, kó bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kó kọjá ₦250,000. Ó ní tó bá ti kọjá ibẹ̀, 18% ni ìjọba máa gé nínú gbogbo ẹ̀, ohun tó máa kù sí i lọ́wọ́ ò sì ní tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ń mi orí. Ẹlòmíì tún fi tiẹ̀ lé e pé 25% ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Iṣẹ́ ìṣirò owó oṣù ni mo ń ṣe ní iléeṣẹ́ aládàáni kan n'Íbàdàn. Mi ò tíì rí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ gòkè tí owó orí wá sọ ohun tó ń mú relé di kékeré. Kò ṣeé ṣe ni, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ ò fàyè gbà á.

Òfin tuntun náà, Nigeria Tax Act, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ìpele ìpele ló pín owó sí. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15%. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, 18%. Ẹ̀yìn ìyẹn ni 21% àti 23% wà. 25% tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani yẹn, orí owó tó bá lé ní ₦50,000,000 lọ́dún nìkan ló wà. Ẹni tó ń gba ₦4,000,000 lóṣù pàápàá, 25% ò tíì kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ₦250,000 tí bọ̀dá ń sọ, ká fi pẹ́ńṣàn sílẹ̀ ná. Lọ́dún, ₦3,000,000 nìyẹn, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦330,000. Ọ̀gá wá fi ₦10,000 kún un lóṣù, ó di ₦3,120,000 lọ́dún. Orí ₦120,000 tó lé yẹn nìkan ni 18% ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ₦21,600. Owó orí ọdún náà di ₦351,600. ₦98,400 ló kù nínú àfikún yẹn tó wọ àpò ọmọbìnrin náà, òun ni bọ̀dá ní kó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má fún òun! Bẹ́ẹ̀ pẹ́ńṣàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ kí wọ́n tó ṣírò owó orí, nítorí náà ẹni ₦250,000 ò tíì dé etí ìpele 18% rárá.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ bíi pé òfin yìí ló dá ìpele sílẹ̀. Òfin àtijọ́ náà ní tiẹ̀. Láti ₦300,000 àkọ́kọ́ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹ̀dínwó (ìyẹn apá owó tí wọn kì í gba owó orí lé lórí) ló ti ń gba 7%, orí èyí tó bá sì lé ní ₦3,200,000, 24% ni. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú àwọn tó ń pariwo lónìí ti san 24% yẹn lórí apá kan owó wọn láìmọ̀, bí wọn kì í bá wo ìwé owó oṣù wọn.

Nígbà tí òfin yí padà, mo to ti àtijọ́ àti ti tuntun síra fún àwọn òṣìṣẹ́ wa. Ẹ mú ẹni tó ń gba ₦150,000 lóṣù, tí wọ́n ń yọ pẹ́ńṣàn 8% lórí gbogbo ẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, pẹ̀lú ẹ̀dínwó tí à ń pè ní CRA, owó orí ọdún rẹ̀ jẹ́ ₦133,712. Lábẹ́ tuntun, ₦128,400 ni, ká tiẹ̀ ní kò san owó ilé. Tó bá ń san ₦400,000 fún lándílọ́ọ̀dù, òfin yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó yẹn kúrò nínú ohun tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, ó di ₦116,400. Ẹni ₦100,000, láìka owó ilé, bọ́ láti ₦66,480 sí ₦45,600. (Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù o. Iye tí èèyàn san gan-an ni òfin ní kó sọ, ẹ̀dínwó náà ò sì lè kọjá ₦500,000.)

Wọ́n á ní àláàtì báǹkì ń fi hàn pé owó ń dínkù. ₦50 tí báǹkì ń yọ nígbà téèyàn bá fi ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ kì í ṣe owó orí owó oṣù. Wọ́n á ní ìjọba ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo gbọ́, ìbẹ̀rù owó orí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa, Àgbẹ̀kọ̀yà jà nítorí ẹ̀ ní 1968 sí 1969. Ìyẹn ò yí ìṣirò padà.

Ó dáa, àwọn kan wà tí tiwọn lé sí i. Níbi tí mo ṣírò ẹ̀ dé, ẹni tó ń gba nǹkan bíi ₦2,000,000 lóṣù ni àtijọ́ àti tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fún. Ẹni ₦3,000,000 á san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bíi ₦360,000 lọ́dún, bó bá tiẹ̀ gba ẹ̀dínwó owó ilé dé góńgó. Kò sírú ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa.

Tó o bá ń gba ₦150,000 tí wọ́n sì ń yọ ju ₦10,700 lọ lóṣù fún owó orí nìkan, mú ìwé owó oṣù rẹ lọ bá ẹni tó ń ṣe ìṣirò níbi iṣẹ́ yín, kó fi hàn ẹ́ bó ṣe ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ìṣirò àtijọ́ ló ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.