Stoichkov nìkan kọ́ ló gbé Bùlgáríà lọ́dún 1994

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé fọ́tò olóògbé Rashidi Yekini sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa, èyí tó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó ń sunkún ayọ̀ lẹ́yìn tó gbá góòlù sáwọ̀n Bùlgáríà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994 ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wa ń ṣàdúrà fún un, àfi bí ẹ̀gbọ́n kan ṣe já lu ọ̀rọ̀: "Bùlgáríà yẹn náà, ta ni wọ́n ní? Stoichkov nìkan ni. Kóòṣì wọn kàn jókòó síbẹ̀ ni, ó ń wòran bíi tiwa." Hristo Stoichkov, atamátàsé Bùlgáríà nígbà yẹn, ló ń sọ. Kíá làwọn èèyàn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, mi ò dá wọn lóhùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, mo tún ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn. Irọ́ ni. Kóòṣì tí wọ́n ní ó ń wòran yẹn, tó kó Bùlgáríà dé ipò kẹrin nínú Ife Ẹ̀yẹ náà, lórúkọ: Dimitar Penev ló ń jẹ́.

Penev kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣàdédé rí lójú pópó. Abúlé Mirovyane, lẹ́bàá Sofia, olú ìlú Bùlgáríà, ni wọ́n bí i sí ní 1945. Ẹ̀yìn ló ń gbá. Ó wà ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù CSKA Sofia láti 1964 títí di 1977, ó gba líìgì lẹ́ẹ̀meje pẹ̀lú wọn, ó sì wọ ẹ̀wù orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà 90. Lẹ́ẹ̀mejì, ní 1967 àti 1971, ni wọ́n mú un ní agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní Bùlgáríà. Ó lọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1966, 1970 àti 1974, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti borí ẹnikẹ́ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: láti 1962 títí dé 1986, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 ni Bùlgáríà gbá nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, wọn ò borí nínú ẹyọ kan. Ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbá nínú ìyà yẹn ni wọ́n fa ikọ̀ lé lọ́wọ́ ní 1991.

Stoichkov gan-an, ọwọ́ ta ló ti jáde? Ní 1985, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín CSKA àti Levski, ẹgbẹ́ tó ń bá wọn figagbága, níbi àṣekágbá ife Bùlgáríà. Wọ́n ní Stoichkov, tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé rẹ̀, kí wọ́n tó wá dín ìyà náà kù. Ọdún yẹn náà ni Penev di akọ́nimọ̀ọ́gbá CSKA. Nígbà tí ọmọ náà máa padà sórí pápá, abẹ́ Penev ló padà sí. Abẹ́ rẹ̀ kan náà ni Emil Kostadinov àti Lyuboslav Penev, tó jẹ́ ọmọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ti di gbajúmọ̀. Wọ́n gba líìgì ní 1987, 1989 àti 1990. Ní 1989, wọ́n bá Barcelona pàdé ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú Cup Winners' Cup, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Yúróòpù. Barcelona lé wọn jáde, ṣùgbọ́n Stoichkov gbá mẹ́ta sáwọ̀n wọn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì, ìyẹn ló mú kí Barcelona wá rà á ní 1990. Ẹni tí ẹ̀ ń pè ní òǹwòran ló fi ọmọ yẹn han ayé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, ní pápá Cotton Bowl ní Dallas, Stoichkov wà lórí pápá. Kostadinov wà, Balakov wà. Yekini, Amokachi àti Amunike gbá a sáwọ̀n wọn fún Nàìjíríà, 3-0. Stoichkov tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kalẹ̀ kan sáwọ̀n wa, rẹfirí ní kò wọlé torí ó yẹ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kàn án. Bí ẹnì kan bá lè dá gbé odindi ikọ̀, ṣé kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló yẹ kó gbé e?

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n na Gíríìsì 4-0, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa borí nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Méjì tí Stoichkov gbá lọ́jọ́ náà, pẹ́nárítì ni méjèèjì. Letchkov àti Borimirov ló gbá ìyókù. Wọ́n tún padà sí Cotton Bowl kan náà tí a ti nà wọ́n, wọ́n na Ajẹntínà 2-0. Tsvetanov gba káàdì pupa, ó lé ní ogún ìṣẹ́jú tí àwọn mẹ́wàá fi gbá a, síbẹ̀ Sirakov ṣì gbá ìkejì wọlé. Ikọ̀ tí kò ní kóòṣì kì í dín kù sí mẹ́wàá kó tún máa gbá góòlù sí i lójú Ajẹntínà.

Mẹ́síkò ni kí ẹ wò dáadáa. Ọjọ́ 5 oṣù Keje ni, ọjọ́ kan náà tí Baggio ti Ítálì lé wa jáde. Stoichkov gbá tiẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú kẹfà, Mẹ́síkò san án padà pẹ̀lú pẹ́nárítì, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó tún rí àwọ̀n títí àfikún àsìkò fi parí. Kremenliev gba káàdì pupa. Ó di pẹ́nárítì. Balakov gbá tiẹ̀, aṣọ́lé mú un. Mihaylov, aṣọ́lé Bùlgáríà, mú méjì. Genchev, tó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, gbá tiẹ̀ wọlé. Borimirov gbá tiẹ̀ wọlé. Letchkov ló parí rẹ̀. Stoichkov ò gbá ìkankan nínú pẹ́nárítì yẹn, kò kàn án. Ta wá ni ẹni tó dá gbé wọn kọjá Mẹ́síkò?

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá Jámánì gbá, pálọ̀ aládùúgbò wa tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ti wò ó, mo sì ti tún un wò lórí YouTube láti ìgbà náà. Letchkov ló fa pẹ́nárítì tí Matthäus gbá wọlé, òun ló gbé Klinsmann ṣubú. Nílé wa níbí, mo mọ kóòṣì tó máa yọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, tí á sì máa pariwo lé e lórí níwájú gbogbo èèyàn. Penev fi í sílẹ̀. Stoichkov gbá bọ́ọ̀lù kalẹ̀ yẹn sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 75, ó dára, ó dára gan-an. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, Yankov gbé bọ́ọ̀lù wọlé láti apá ọ̀tún, Letchkov yìí kan náà fò síwájú Hässler, ó fi orí kàn án wọlé. Jámánì tó ní ife lọ́wọ́ kọrí sílé.

Góòlù mẹ́wàá ni wọ́n gbá ní Amẹ́ríkà, Stoichkov gbá mẹ́fà, mẹ́ta nínú mẹ́fà yẹn jẹ́ pẹ́nárítì. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá pọ̀, mi ò jiyàn. Wọn kì bá tilẹ̀ ti dé Amẹ́ríkà bí kì í bá ṣe Kostadinov tó gbá méjì sáwọ̀n Faransé ní Paris ní oṣù Kọkànlá 1993, èkejì ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, látọ̀dọ̀ Lyuboslav Penev. Àìsàn jẹjẹrẹ ni kò jẹ́ kí Lyuboslav bá wọn lọ sí Ife Ẹ̀yẹ náà. Ẹ ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ Penev rí, pé ó pàdánù ọ̀kan nínú àwọn atamátàsé rẹ̀ tó dára jù kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún parí rẹ̀ sí ipò kẹrin.

Ẹ̀rí tó wá lágbára jù lọ́wọ́ mi ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní Euro 1996, góòlù mẹ́ta ni Bùlgáríà gbá, Stoichkov ló gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà yẹn gan-an ló dá gbé wọn ní tòótọ́, wọn ò sì jáde nínú ìsọ̀rí wọn. Ní Faransé 1998, Penev ti lọ, Hristo Bonev ló wà níbẹ̀, Stoichkov ṣì wọ ẹ̀wù. Wọ́n gbá òmì 0-0 pẹ̀lú Paraguay, Ikpeba gbá ọ̀kan sáwọ̀n wọn fún wa, Sípéènì sì nà wọ́n 6-1. Ó ti dàgbà díẹ̀ sí i nígbà náà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè dá gbé ikọ̀ dé ipò kẹrin láyé, ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi bí kò ṣe lè gbé e borí ẹyọ kan péré.

Wọ́n á ní àwọn agbábọ́ọ̀lù Penev ń mu sìgá, wọ́n ń mu bíà, wọ́n ń ta káàdì ní òtẹ́ẹ̀lì, pé kò lágbára lórí wọn. Kí ló kàn mí? Àwọn àgbàlagbà tó ń jẹun nídìí bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù ni wọ́n, ó mọ irú ẹni tó wà lọ́wọ́ òun. Mi ò lè fi òṣùwọ̀n wọn èyí tó jẹ́ ti kóòṣì àti èyí tó jẹ́ ti agbábọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n. Pé ó jẹ́ òdo ni mi ò gbà.

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù rí. A ní ọmọ kan tí gbogbo èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wá sí pápá. Iṣẹ́ mi lórí ọmọ náà kò tó nǹkan, ó mọ̀ ọ́n gbá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn yòókù ni iṣẹ́. Bí o ò bá mú kí wọ́n gbà láti sáré fún un, kí wọ́n má bínú pé orúkọ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè, bọ́ọ̀lù ò ní dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún tí mo ṣe é dáadáa, a ń borí. Nígbà tí inú àwọn yòókù bàjẹ́, ọmọ náà ṣì ń gbá a bó ṣe máa ń gbá a, wọ́n sì ń nà wá.

Stoichkov alára gba iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn náà. Ní 2004, wọ́n fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Bùlgáríà. Wọn ò rí ọ̀nà dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006. Ní 2006 kan náà, Stiliyan Petrov, balógun ikọ̀, ní òun ò gbá mọ́ lábẹ́ rẹ̀. Stoichkov fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2007, ó bọ́ sí Celta Vigo ní Sípéènì, wọ́n sì já sí ìpele kejì ní sáà yẹn. Ọkùnrin tí bọ́ọ̀lù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nìyẹn, tó gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Yúróòpù, ní 1994, tó wá jókòó sórí àga Penev. Kí àwọn tó ní kò sí iṣẹ́ kankan lórí àga yẹn dá mi lóhùn.