Ẹ fi Kamẹrúùnù sílẹ̀, òjò ilé wa ló ń kún Odò Ọba

Níbi ìpàdé àwa alákùrọ̀ tá a ń dáko létí Odò Ọba, lápá Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dìde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú lórí kòtò tá a fẹ́ gbẹ́, pé Kamẹrúùnù ló ń ṣí dáàmù sí wa lórí, kò sì sóhun tí ọkọ́ lè ṣe sí i. Làwọn èèyàn bá pàtẹ́wọ́! Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdọọdún ni. Kí rédíò ṣáà ti dárúkọ Lagdo, dáàmù Kamẹrúùnù yẹn, gbogbo omi tó bá wọ oko ẹnikẹ́ni láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, Kamẹrúùnù ló rán an.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipa omi náà. Orí Odò Bẹ́núè ni Kamẹrúùnù kọ́ dáàmù Lagdo sí, láàárín ọdún 1977 sí 1982. Omi tí wọ́n bá tú níbẹ̀, Adamawa ló ń gbà wọ Nàìjíríà. Á kọjá ní Yola, á kọjá ní Makurdi, kó tó pàdé Odò Ọya ní Lokoja. Láti ibẹ̀, ó di Idah, ó di Onitsha, ó di òkun. Odò Ọba tiwa ńkọ́? Ìsàlẹ̀ lápá gúúsù lòun ń ṣàn lọ, ó ń lọ bá Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń gbé e lọ sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, Odò Ògùn tiyín náà, apá Ṣakí ló ti ń bọ̀, ó ń gba Abẹ́òkúta lọ sí ọ̀sà Èkó. Níbo ni wọ́n ti pàdé Bẹ́núè?

Ẹni tí kò bá fẹ́ wo máàpù, kó wo gíga ilẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ fi ohun tó lé ní 300 mítà ga ju òkun lọ. Lokoja kò tó 100 mítà. Kódà adágún Lagdo fúnra ẹ̀, bó bá kún dẹ́nu, kò tó 250 mítà. Ìyẹn ni pé ibi tí omi náà ti gbéra rẹlẹ̀ ju ìlú wa lọ. Kí omi Kamẹrúùnù tó lè wọ Ògbómọ̀ṣọ́, àfi kó gun òkè bọ̀. Ẹ sọ odò tó ń gun òkè fún mi.

Èyí tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ohun tí omi ń kó wá. Nígbà tí odò wọ àkùrọ̀ ìyá mi gbẹ̀yìn, tó gbé ewédú àti ata lọ, mo dúró síbẹ̀ nígbà tó fà. Pòròpórò àgbàdo ló kù nílẹ̀, pẹ̀lú ewé kajú rẹpẹtẹ, àlòkù bàtà rọ́bà kan, àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó há sára ẹ̀ka igi. Mo ká ọ̀rá kan, mo fọ ẹrẹ̀ ara ẹ̀. Àdírẹ́sì Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lára ẹ̀, ketekete. Ṣé Kamẹrúùnù ló mu píọ̀ wọ́tà wa tó wá da ọ̀rá ẹ̀ sílẹ̀ ni? Òru ni òjò ńlá rọ̀, àárọ̀ ni odò wọ oko, kò sì pẹ́ tó fi fà padà. Omi Bẹ́núè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2012 àti 2022, ó pẹ́ gan-an kí omi tó kúrò lójú ọ̀nà Lokoja.

Ṣé Lagdo ló wá bá Ìbàdàn ni, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 tí odò Ògùnpa ya wọ ilé? Àbí lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, tí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo tó 187.5 mílímítà, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún? Odindi ọdún kan, òjò wa níhìn-ín kò ju bíi 1,200 mílímítà lọ. Ẹ fi wé ara wọn.

Wọ́n á ní àsìkò kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń tú omi Lagdo, oṣù kẹsàn-án náà sì ni òjò àrọ̀kúrò ń le níhìn-ín. Ìyẹn ò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa, erùpẹ̀ tó bò ó kò jìn. Tí òjò oṣù kẹfà àti ìkeje bá ti rin ín gbingbin, èyí tó bá tún rọ̀ lẹ́yìn ìsinmi oṣù kẹjọ kò ríbi wọlẹ̀ mọ́, àgbàrá ló ń dì. A tún wá gé igi etídò tán fún èédú. Àgbà sì bọ̀ wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Àwa ń gbà fún un.

Kí n má parọ́, dáàmù ń fa omíyalé. Tí wọ́n bá tú omi dáàmù Ọyán, ìsàlẹ̀ Odò Ògùn máa ń jẹ nínú ẹ̀ títí dé bèbè Èkó. Ẹni tó wà létí Bẹ́núè náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rù Lagdo: omíyalé 2012, tí omi Lagdo wà nínú ẹ̀, pa èèyàn 363 ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ewu tiwọn nìyẹn, kì í ṣe tiwa.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ewu tiwa ò jọ àwọn èèyàn wa lójú. Àjọ NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ omi odò, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, wọ́n ń to ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú ewu síbẹ̀, àwọn èèyàn wa ò bèèrè bóyá tiwọn wà níbẹ̀. Lagdo nìkan ni wọ́n ń tẹ́tí sí. Lọ́dún tí rédíò ò bá dárúkọ ẹ̀, ẹ máa rí wọn tí wọ́n kó àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya jọ sí bèbè odò nínú oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n fi tapólì bò ó, tí wọ́n sì gba ilé lọ sùn.