Àjèjé Ọwọ́ Kan Kò Gbẹ́rù Dórí

Ẹni tó bá ti pọnmi lódò rí mọ̀ pé bí garawa bá ti kún, wíwò là ń wò yíká pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù." Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kò sẹ́ni tí í dúró létí odò kó máa kí apọnmi pé, "Á rọrùn o, ìyá!" kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa onígbàgbọ́ ń ṣe fún ara wa nìyẹn, inú sì ń bí mi sí i láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kadà gbá wọn, ẹsẹ̀ wọn kán, wọ́n ti lé lóṣù kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Akọ̀wé fi í sórí Wasáàpù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, "Àmín" ti kún ibẹ̀ bí eṣú: "Ó ti dára, sà!" "A ó gbọ́ ẹ̀rí yín!" Ẹnì kan tiẹ̀ fi fídíò àdúrà gbọọrọ ránṣẹ́. (Dátà ta ni bàbá fẹ́ fi wò ó, ẹni tó ń wówó oògùn?) Nígbà tí mo débẹ̀ ní Sátidé, ọmọ wọn tí kò tíì ju ọdún mẹ́sàn-án lọ ló ń fi korobá pọnmi láti ilé kejì, tí omi ń dà sí i lára. Mo ní ta ló ti wá kí yín? Bàbá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń kí mi dáadáa lórí fóònù."

N kò yọ ara mi sílẹ̀ o. Èmi náà ti tẹ "Àmín" fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó dìde.

Ẹ tún Ẹ́kísódù orí 17 kà. Nígbà tí ọwọ́ Mósè wúwo lórí òkè, tí Jóṣúà ń bá Ámálékì jà nísàlẹ̀, òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sábẹ́ Mósè kó fi jókòó. Ẹ̀yìn náà ni Áárónì àti Húrì wá di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, títí oòrùn fi wọ̀. Òkúta yẹn ló wù mí jù. Ẹnì kan ló rí i pé ìdúró ti sú bàbá àgbàlagbà.

Kì í ṣe tayé Mósè nìkan. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa èèyàn, àwọn ọmọ ìjọ díẹ̀ ní St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣàdárè àti Sophia Ọdúnlámì wà lára wọn, kóra jọ láti máa gbàdúrà. Gbòǹgbò Aládùúrà wà níbẹ̀. Àrùn tó ń ràn kò ní kí wọ́n má pàdé. Àwa, òjò ni kì í jẹ́ ká jáde.

Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú, àwọn oníwàásù pọ̀ ní pálọ̀. Ìyá alákàrà kan wọlé, kò ka ẹsẹ Bíbélì kankan. Ó ká gèlè kúrò lórí, ó fọ àwọn abọ́ tó ti wà nílẹ̀ látàárọ̀, ó ro àmàlà, ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi: "Ẹ jẹun, màmá." Ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ méjì jẹ òkèlè mẹ́ta. Ìgbà náà ni orin tó dẹ́nu rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹsẹ Bíbélì náà sì ń jẹ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń wádìí ẹ̀ṣẹ̀ aláìsàn ńkọ́? Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ẹnu tí wọ́n wá là ló bà á jẹ́. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ jókòó rárá.

Ẹ ní epo mọ́tò wọ́n, ilé bàbá sì jìnnà. Lóṣù tó kọjá tí olùṣọ́ àgùntàn ń ṣọjọ́ ìbí ní Ìbàdàn, bọ́ọ̀sì mẹ́ta la háyà, èèyàn tún dúró láàárín ìjókòó nínú wọn. Epo ò wọ́n lọ́jọ́ yẹn?